Ẹni Kẹta Nínú Aginjù

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Ẹni tó bá gbà á, kó gbà á bó ṣe wà. Ẹni tí kò bá gbà á, kó fi sílẹ̀. Ọjà tí èèyàn kò rà kì í di gbèsè sí i lọ́rùn.

Òwúrọ̀ ni. Ìkùukùu ṣì bo títì. Oníbúrẹ́dì dá alùpùpù rẹ̀ dúró níwájú ìsọ̀ Ìyá Kò-sáwìn. Kò tilẹ̀ pa á tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù.

"Ìyá, ẹ ti gbọ́? Ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n dojú dé lóru. Ẹlẹ́wọ̀n méjì sá lọ. Inú aginjù ni wọ́n gbà."

"Mélòó?"

"Méjì."

Ó na ìka méjì sókè. Ìka náà funfun fún ìyẹ̀fun. Ìyá Kò-sáwìn rí i dáadáa. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun lónìí, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn: ìka méjì.

"Búrẹ́dì tèmi ńkọ́?" ló wí.

Bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn. Opó ni. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ní àárọ̀, ó ṣí ìsọ̀ lọ́sàn-án. Àwọn èèyàn sọ ọ́ títí ẹnu fi ro wọ́n. "Òkú kì í jẹun," ló dá wọn lóhùn, "èmi ń jẹun." Ìwé tó kà kò ju kó lè ka ohun tó wà lára agolo. Ṣùgbọ́n kò sí gbèsè tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Orí ló ń kó o sí, orí náà kì í sì í jò. Ó gbé pátákó kan kọ́ sókè káńtà: KÒ SÍ ÀWÌN LÓNÌÍ, Ó DỌ̀LA. Ó ti pẹ́ tó ti ń dọ̀la. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ìsọ̀ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn lórí títì ọlọ́dà. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, orí òkúta wẹ́wẹ́ ló ń tẹ̀. Lẹ́yìn òkúta, igbó. Lẹ́yìn igbó, àpáta àti ọ̀gbun, àti odò kan tó ń dún lábẹ́ ilẹ̀ kí èèyàn tó rí i. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó parí sí. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ bá gbàgbé láti rà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń rà á: bátìrì, okùn, àbẹ́là, ìṣó, ẹja inú agolo. Owó dé kí ọjà tó lọ.

Èèyàn kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́ lówó. Lagilagi ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń la pákó nínú igbó. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Lagilagi ló la pákó pósí, kò sì gba nǹkan kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó wá sọ pé ṣéènì ayùn òun ti já, Ìyá Kò-sáwìn gbójú kúrò lára pátákó. Ó fún un ní ṣéènì tuntun, okùn, àti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan. Ẹgbàá méje.

"Ìyàwó wa," Lagilagi wí, "kí oṣù yìí tó kú, màá san án."

Ìyàwó wa ló máa ń pè é. Òun náà kì í dárúkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni.

Lagilagi gbé ayùn wọgbó. Oṣù kú, wọ́n sin ín. Lagilagi kò dé. Ẹni tó ń kó ọjà fún Ìyá Kò-sáwìn ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: bí owó kò bá pé, òun kò ní já ọjà sílẹ̀ mọ́.

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kún títì. Hẹlikópítà ń yí lókè bí eṣinṣin tó gbóòórùn egbò. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti há, ló ń wá ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Lójú ẹsẹ̀ ló ń sanwó. Ìyá Kò-sáwìn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Àwọn èèyàn bá sọ ìsọ̀ rẹ̀ di ilé ìpàdé. Gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́, àti ẹni tó níṣẹ́ tó ń sá fún un, wá jókòó lórí àpótí láti gbọ́ rédíò. Àwọn mẹ́ta ni kì í gbẹ́yìn. Gbàjámọ̀ ni àkọ́kọ́, tó ń gé irun ní òdìkejì títì. Onítáyà tẹ̀ lé e, tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ìsọ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì.

"Kí n sọ fún yín," Gbàjámọ̀ wí. "Bí mo ṣe jókòó yìí, ọ̀kan nínú wọn á ti máa tiro. Pẹ̀lú òkúta ibẹ̀ yẹn? Ẹsẹ̀ òsì ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òsì?"

"Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń kọ́kọ́ dani. Ẹ bi ìyàwó mi bó ṣe ń jó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Kò-sáwìn ń ka àbẹ́là.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé wá ra báńdéèjì fún ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan tí ẹ̀gún gún. Ó ní àwọn ti rí ipasẹ̀ létí odò.

"Ọ̀kan nínú wọn ń wọ́ ẹsẹ̀," ló wí.

"Ẹsẹ̀ wo?" Gbàjámọ̀ bi í.

"Òsì."

Wọ́n wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú sí i. Gbàjámọ̀ jó yí àpótí ká. "Ẹ máa pè mí ní wòlíì! Ẹ máa gbé ọrẹ wá!"

Èyí kò dùn mọ́ Tíṣà. Kò yẹ kí ẹni tó ń gé irun fi ọgbọ́n ju òun lọ. "Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè sọ̀rọ̀," ló wí. "Kò sí ẹni tó lè sùn níbẹ̀ láìní ajá. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ti rí ajá kan mú dání. Ajá dúdú, elétí kan."

"Elétí kan kẹ̀? Tíṣà, ta ló jẹ èkejì?"

"Ìwọ ni. Ẹnu rẹ kò mọ ohun tí kò ní í jẹ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, rédíò sọ pé wọ́n rí ipasẹ̀ ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èèyàn. Ọlọ́pàá kan rí ajá náà fúnra rẹ̀ ní òdìkejì omi. Dúdú ni. Etí kan ló ní.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà kò gùn. Ìyá Kò-sáwìn gbọ́ ọ. Ó dà bí òṣùwọ̀n tí ẹnìkan bù díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Onítáyà ní tòun, ẹni tó ń tiro yẹn ti jí ẹ̀wù òjò wọ̀. Ẹ̀wù òjò pupa. Hẹlikópítà rí ohun pupa láàárín àpáta kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ohun pupa náà dúró. Ó gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n yí padà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni ẹni tó ń kó ọjà fún Ìyá Kò-sáwìn wá fúnra rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí i níwájú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ sí àgbàlagbà. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Onítáyà fẹ́ tu ìsọ̀ lára.

"Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò tíì sọ tiyín. Kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí?"

"Èmi?" Ó fi ọwọ́ gbá àpótí owó pa. "Mẹ́ta ni wọ́n. Lagilagi ni ẹni kẹta. Owó mi ló ń sá fún."

Ẹ̀rín yìí ló pọ̀ jù. Gbàjámọ̀ di inú mú. Onítáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìyá Kò-sáwìn náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

Ní òwúrọ̀, oníbúrẹ́dì dé.

"Wọn ò tíì rí àwọn mẹ́ta yẹn mú o, Ìyá."

"Àwọn mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Méjì lo sọ fún mi. O na ìka sókè."

"Ìyá, mẹ́ta ni mo nà." Ó tún nà wọ́n. Mẹ́ta. Wọ́n funfun fún ìyẹ̀fun.

Ìyá Kò-sáwìn tan rédíò. Rédíò ní mẹ́ta. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kẹta ni èyí tí wọ́n sọ Lagilagi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ìyá Kò-sáwìn pa rédíò. Ó dúró.

Nígbà tí Gbàjámọ̀ dé, ó fà á sí kọ̀rọ̀.

"Àwàdà ni mo ṣe lánàá. O mọ̀ pé àwàdà ni."

"Àwàdà wo, Ìyá? Ẹ ní Lagilagi ni ẹni kẹta. Àbí òun kọ́?"

"Lagilagi tó ń gé irun lọ́dọ̀ rẹ!"

"Lọ́dọ̀ tèmi?" Gbàjámọ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Èmi ò gé irun fún ẹlẹ́wọ̀n rí."

Kò purọ́. Ìyá Kò-sáwìn mọ ojú òpùrọ́, òun ló ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí irọ́ lójú Gbàjámọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju àánú lọ.

Lọ́sàn-án, ìyàwó Lagilagi wọlé, ó pọn ọmọ. Kò jókòó.

"Ìyáálé mi, wọ́n tú ilé mi. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo rí ọkọ mi kẹ́yìn. Mo ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ní irọ́ ni, ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti wà lẹ́wọ̀n. Ọkọ mi ṣẹ̀wọ̀n rí?"

"Rárá."

Ó yí ẹ̀yìn padà, kí ìyáálé rẹ̀ lè rí ọmọ tó sùn síbẹ̀. Ọmọ náà kò tíì lè dìde dúró.

"Ta ni mo wá bí èyí fún? Àwọn ará ilé ti ń bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an bi mí."

Ìyá Kò-sáwìn fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Wọ́n ti pàṣẹ pé bí wọ́n bá fojú kàn án, kí wọ́n yìnbọn," obìnrin náà wí. Ó lọ. Kò sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún lórí títì.

Ìyá Kò-sáwìn jókòó lẹ́yìn káńtà. Ẹnìkan wá ra ọṣẹ, kò gbọ́. Ó ń ro ẹgbàá méje. Ó ń ro pákó pósí tí wọn kò gba owó rẹ̀. Ó ń ro bó ṣe jẹ́ pé inú ìsọ̀ yìí ni ẹsẹ̀ òsì ti jáde, àti ajá, àti ẹ̀wù pupa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ fún?

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pé jọ bí ìṣe wọn. Ìyá Kò-sáwìn dìde dúró.

"Ẹ gbọ́ mi. Méjì ni wọ́n. Lagilagi kò sí lára wọn. Ó wá síbí lójú ọ̀sán, ó sì san owó mi. Ẹgbàá méje. Ó pé."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó mọ̀ pé owó náà ti lọ. Ẹni tó bá sọ níwájú ẹlẹ́rìí pé wọ́n ti san òun, kì í tún lọ kan ilẹ̀kùn onígbèsè. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé Ìyá Kò-sáwìn lè fi ohunkóhun ṣeré, ṣùgbọ́n kì í fi gbèsè ṣeré. Ẹ̀fọn kan ń kọrin nítòsí iná.

"Ó sanwó?" Onítáyà bi í.

"Ó sanwó."

"Lójú ọ̀sán gangan? Kí ló wọ̀?"

"Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Aṣọ iṣẹ́ kẹ̀!" Ojú Onítáyà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. "Ẹ̀wù òjò pupa ni. Òun ni mo sọ."

"Á máa tiro wọlé," Gbàjámọ̀ wí. "Ẹsẹ̀ òsì. Ẹ má gbàgbé tèmi."

"Rárá," Ìyá Kò-sáwìn wí. "Kò tiro."

"Ajá ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ti wọ Tíṣà lára. "Ajá á dúró síta. Elétí kan kì í wọ ìsọ̀ olówó. Owó náà á sì tutù, nítorí inú odò ló gbà kọjá."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Kò-sáwìn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá káńtà. Agolo já bọ́.

"Ẹ panu yín mọ́! Kò tiro! Kò sí ajá kankan!"

"Ìyá, ẹ̀fẹ̀ là ń ṣe."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn."

Ó lé wọn jáde. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Wọn kò rí i rí kó tilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá.

Ní òwúrọ̀, ìbọn dún lókè àpáta.

Ó tún dún.

Ìyá Kò-sáwìn ń ṣí ìsọ̀ lọ́wọ́, ó gbé pátákó ilẹ̀kùn dání. Kò gbé e sílẹ̀. Ó ń dúró de ẹ̀kẹta. Kò sí ẹyẹ tó ké. Odò tó máa ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, kò gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta kò dún.

Alùpùpù oníbúrẹ́dì ló dún.

"Wọ́n ti pa wọ́n, Ìyá. Àwọn méjèèjì."

"Mélòó?"

"Méjì. Ṣebí mo ti sọ fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́?" Ó na ìka méjì. Wọ́n funfun fún ìyẹ̀fun.

Ìyá Kò-sáwìn gbé pátákó sílẹ̀, ó jókòó sórí àpò iyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yà wá ra omi kí wọ́n tó lọ. Àwọn ọkọ̀ ti ń tò. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ṣẹ́gun.

"Èyí tó ń tiro ńkọ́?" Ìyá Kò-sáwìn bi í.

"Kò sí èyí tó ń tiro. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pé."

"Ajá?"

"A kò rí ajá. A kò rí ẹ̀wù pupa." Ó ń wo ike omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ yẹn wà. Èmi fúnra mi tọ̀ ọ́ lánàá. Ó jáde kúrò nínú igbó. Ibi tí títì ọlọ́dà ti bẹ̀rẹ̀ la ti sọ ọ́ nù."

"Ibo ló kọjú sí?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá gba ṣéńjì rẹ̀. Ó kí i pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ wọn lọ, eruku dìde, eruku balẹ̀. Títì dákẹ́.

Oòrùn ti dé àtàrí. Gbàjámọ̀, Onítáyà àti Tíṣà wà lórí àpótí wọn, ojú wọn fà ro bí ti ẹni tí eré rẹ̀ parí lójijì. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa iye owó sìmẹ́ńtì. Onítáyà ló kọ́kọ́ gbórí sókè.

Nǹkan ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí ọlọ́dà ti parí. Ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀. Ohun kan wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀. Ohun kan wọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá Kò-sáwìn pa rédíò.

Ọkùnrin kan wọlé. Ẹ̀wù òjò pupa ló wọ̀ nínú oòrùn. Ajá dúdú kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Etí kan ló ní.

Ojú Lagilagi ni. Ìyá Kò-sáwìn wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ayùn ti bù ú nígbà kan. Àpá náà wà níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá," ló wí.

Kò pè é ní ìyàwó wa.

Ó ki ọwọ́ sínú ẹ̀wù. Ó kó owó jáde, ó gbé e sórí káńtà. Omi ń ti ara owó náà ro. Ó ro sí etí káńtà, ó kán sílẹ̀.

"Mo wá san gbèsè," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti san án."

"Níbo lo wà láti oṣù tó kọjá?"

Ó ronú. Ó ronú pẹ́. Kò sí ohun tó dé sí i lójú.

"Ìyàwó rẹ ń wá ọ," Ìyá Kò-sáwìn wí.

"Mo níyàwó?"

Kì í ṣe Ìyá Kò-sáwìn ló bi. Ó yíjú sí àwọn mẹ́ta tó wà lórí àpótí, ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró. Gbàjámọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Onítáyà wolẹ̀. Tíṣà ya ẹnu. Ìyá Kò-sáwìn na ìka kan sí i láìwò ó, ẹnu náà padé.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń wọn nǹkan fún ọmọdé tí wọ́n rán wá ra ọjà, tí kò fẹ́ kí ó dín, tí kò sì fẹ́ kó lé.

"O níyàwó. O bí ọmọ kan, ọkùnrin, kò tíì rìn. Ilé rẹ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi, ilẹ̀kùn rẹ̀ há, gbígbé lo máa ń gbé e kó tó ṣí. Pákó lò ń là. O kò jí nǹkan rí. O kò ṣẹ̀wọ̀n rí. Èmi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. Níta, ajá náà dìde dúró.

"Ó tán?" ló bi í.

Ìyá Kò-sáwìn ro ó bóyá ohun kan kù.

"Ó tán."

"Ẹ ka owó yín, Ìyá."

Ó fa owó náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ó ń rùn bí abẹ́ òkúta. Ó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbójú sókè títí ó fi kà á tán. Ẹgbàá méje ni. Kò dín, kò lé.